Ẹ̀yin tí ó máa ń tètè rẹ̀ láàárín èrò, báwo lẹ ṣe ń pín agbára yín?

Olùbéèrè

Ẹ kú ìjókòó, ẹ̀yin èèyàn mi. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ pé mo fẹ́ràn èèyàn. Mo ní ọ̀rẹ́ tí mo lè torí wọn pàdánù oorun. Ṣùgbọ́n bí mo bá ti wà láàárín èrò fún wákàtí mélòó kan, ara mi á bẹ̀rẹ̀ sí í wọlẹ̀. Etí mi á kún, ẹnu mi á wúwo, ojú mi á sì máa wá ọ̀nà ìta. Ìpàdé ò tán níbi iṣẹ́, ìpè ò dá lórí fóònù, kò sì sí òpin ọ̀sẹ̀ tí ẹnì kan ò ní pè mí síbì kan. Nígbà tó bá fi máa kan àwọn tí mo fẹ́ràn jù, kì í sí nǹkan kan tó kù lára mi tí mo lè fún wọn.

Àwọn kan ti ń sọ pé mo gbéra ga, ó sì ń dùn mí. Mi ò fẹ́ di ẹni tí kò lẹ́nì kan, mi ò sì fẹ́ máa rìn kiri bí ẹni tí wọ́n ti fún gbẹ. Ẹ̀yin tí ẹ jọ mí, báwo lẹ ṣe ń ṣe é? Ohun tẹ́ ẹ ń ṣe gan-an ni mo fẹ́ gbọ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má kàn sọ fún mi pé kí n túra ká.

Nọ́ọ̀sì Alẹ́

Ẹ pẹ̀lẹ́ o. Ohun tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ kọ́kọ́ mọ̀ ni pé àárẹ̀ yìí kì í sábà dé lójú ẹsẹ̀, ibẹ̀ ló sì ti ń tan ọ̀pọ̀ wa jẹ.

Ní 2017, àwọn olùwádìí méjì ní orílẹ̀-èdè Fínlándì, Sointu Leikas àti Ville-Juhani Ilmarinen, gbé ìwádìí kan jáde lórí rẹ̀. Ọjọ́ 12 ni wọ́n fi tẹ̀ lé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kan, tí wọ́n ń bi wọ́n lọ́pọ̀ ìgbà lójúmọ́ pé kí ni wọ́n ń ṣe, báwo ló sì ṣe rí lára wọn. Nígbà tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ náà bá ń sọ̀rọ̀ dáadáa, tí ara wọn yá mọ́ èèyàn, inú wọn máa ń dùn sí i lójú ẹsẹ̀. Ní nǹkan bíi wákàtí mẹ́ta lẹ́yìn náà, àárẹ̀ á dé. Bó ṣe rí fún ẹni jẹ́jẹ́ náà ló rí fún ẹni tó fẹ́ràn èrò. Ìyẹn fún mi ní ìtùnú gan-an, torí ó fi hàn pé kì í ṣe àléébù tí Ọlọ́run dá mọ́ àwa nìkan.

Nítorí náà, bẹ́ ẹ bá wà níbi ìkórajọ, tí inú yín ń dùn, ẹ má fi ìdùnnú yẹn pinnu pé ẹ ṣì lè ya ibòmíràn lẹ́yìn rẹ̀. Owó wákàtí yẹn kò tíì jáde lápò yín ni. Èmi kì í kọ àkókò ìjáde nìkan sínú ètò mi, mo máa ń kọ wákàtí tó tẹ̀ lé e mọ́ ọn. Bí ìjáde bá wà lọ́sàn-án, ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà ti ní iṣẹ́ tirẹ̀. Mi ò ní gba ìpè tó gùn, mi ò ní bá ẹnikẹ́ni jíròrò owó, mi ò sì ní yanjú aáwọ̀ kankan. Irú àkókò bẹ́ẹ̀ lèèyàn máa ń jágbe mọ́ ọmọ tàbí mọ́ ẹnì kejì rẹ̀ láìnídìí, tí yóò sì rò pé wọ́n ṣẹ òun, nígbà tó jẹ́ pé àwọn tó ti fi sílẹ̀ láti ọ̀sán ló gba gbogbo sùúrù rẹ̀ lọ.

Ẹ jọ̀ọ́, ìsinmi tí mò ń wí yìí kì í ṣe kéèyàn dùbúlẹ̀ kó máa yí fóònù sókè sódò o. Ẹnu nìkan ló dákẹ́ yẹn, orí ṣì ń gbàlejò. Ẹ rìn díẹ̀, ẹ wẹ̀, ẹ tún yàrá ṣe, ẹ fọ aṣọ, ẹ sùn. Ohunkóhun tí ẹnikẹ́ni ò ti ní máa retí èsì yín ni.

Ẹ̀gbọ́n Akọ̀wé

Nọ́ọ̀sì ti mú ẹ̀yìn ìjáde, ẹ jẹ́ kí n mú iwájú rẹ̀. Igi gánganran má gùn mí lójú, òkèèrè la ti ń wò ó.

Ọ̀pọ̀ wa ò mọ bí wọ́n ṣe ń kọ ìpè. Bí wọ́n bá pè wá, a ó ní "màá wò ó," a ó ní "bó bá ṣeé ṣe," a ó sì fi ẹni náà sílẹ̀ sáàárín méjì títí ilẹ̀ ọjọ́ náà á fi mọ́. Ìgbà yẹn la ó tó fi orí fífọ́ bojú. Ẹni tó ti ṣètò àga sílẹ̀ dè wá lọ̀rọ̀ yìí máa ń dùn jù. Bá a bá ti sọ pé rárá láti ìbẹ̀rẹ̀, kò ní dùn ún tó bẹ́ẹ̀.

Ìwádìí tilẹ̀ gbè é lẹ́sẹ̀. Julian Givi àti Colleen Kirk gbé ti wọn jáde ní 2023. Wọ́n rí i pé ẹni tó kọ ìpè máa ń rò pé inú á bí ẹni tó pè é gidigidi, pé yóò sì kà á sí àìbìkítà. Ẹni tó pè é ò kì í bínú tó bẹ́ẹ̀. Ẹni tó kọ̀ gbà pé "rárá" nìkan lẹnì kejì máa gbọ́, bẹ́ẹ̀ ẹnì kejì náà mọ̀ pé ó ti rò ó kó tó fèsì.

Bí mo ṣe máa ń kọ ọ́ rèé: "Ẹ ṣeun tẹ́ ẹ rántí mi. Mi ò ní lè wá ní Sátidé, ọ̀sẹ̀ yẹn ti kún fún mi. Ṣé kí n yà sọ́dọ̀ yín ní Ọjọ́rú lẹ́yìn iṣẹ́, ká jókòó fún wákàtí kan?" Ó parí síbẹ̀. Mi ò kì í ṣe àlàyé gígùn, torí ìdí tẹ́ ẹ bá kà sílẹ̀ ni wọn á máa bá yín yanjú lọ́kọ̀ọ̀kan. Bẹ́ ẹ bá ní kò sí ọkọ̀, wọ́n á ní àwọn á wá gbé yín. Bẹ́ ẹ bá ní iṣẹ́ ń dúró dè yín láàárọ̀, wọ́n á ní ẹ ò ní pẹ́. "Ọ̀sẹ̀ yẹn ti kún fún mi" tó, òótọ́ sì ni, bó tiẹ̀ jẹ́ pé ìsinmi ló kún un. Fún àwọn àgbà, mi ò kì í fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ lásán. Mo máa ń pè wọ́n, kí wọ́n lè gbọ́ ọ nínú ohùn mi pé kì í ṣe àfojúdi.

Ọjọ́ mìíràn tẹ́ ẹ bá dá fún wọn, ẹ má yẹ̀ ẹ́ o. Bí Ọjọ́rú yẹn bá yẹ̀, ẹ ò ní rójú kọ ìpè míì fún odindi ọdún kan.

Ayàwòrán

Tèmi ò pọ̀. Ẹ tètè dé, ẹ tètè lọ. Bẹ́ ẹ bá dé nígbà tí èèyàn ṣì kéré, ẹ ó lè bá onílé sọ̀rọ̀ tó nítumọ̀, ariwo náà á sì máa ga díẹ̀díẹ̀ lójú yín. Ẹni tó bá já wọ àárín rẹ̀ nígbà tó ti gbóná, ojú ẹsẹ̀ ló máa ń rẹ̀ ẹ́. Bẹ́ ẹ bá ṣe ń wọlé ni kẹ́ ẹ sọ fún onílé ìgbà tẹ́ ẹ máa lọ, kí ìdágbére má di àríyànjiyàn.

Ẹ tún wá iṣẹ́ kan ṣe níbẹ̀: ẹ ya fọ́tò, ẹ pín omi, ẹ bá wọn to àga. Ẹni tó ní iṣẹ́ lọ́wọ́ lè sún mọ́ ẹnikẹ́ni, ó sì lè kúrò lọ́dọ̀ ẹnikẹ́ni láìsí pé ó ń wá ọ̀rọ̀ tí yóò sọ. Kẹ́ ẹ má sì jẹ́ kí wíwálé yín wà lọ́wọ́ ẹlòmíràn. Ẹ má wọ ọkọ̀ ẹni tó fẹ́ràn àtidúró pa gbogbo iná.

Ìyá Ìbejì

Àmọ̀ràn yín dára, ṣùgbọ́n ọkàn mi ò balẹ̀ tó. Ẹ má jẹ́ kí àbúrò wa yìí lọ fi ìsinmi ti ara rẹ̀ mọ́lé.

Ọ̀rẹ́ máa ń gba àkókò. Jeffrey Hall ní yunifásítì Kansas ní Amẹ́ríkà ṣe ìṣirò rẹ̀ ní 2018. Ó gba nǹkan bíi wákàtí 50 tí ẹni méjì bá jọ wà pa pọ̀ kí ẹni téèyàn kàn mọ̀ tó di ọ̀rẹ́ lásán, nǹkan bíi 90 kó tó di ọ̀rẹ́ gidi, ó sì lé ní 200 kó tó di ọ̀rẹ́ tímọ́tímọ́. Wákàtí tẹ́ ẹ fi jọ ṣe iṣẹ́ níbi iṣẹ́ ò fi bẹ́ẹ̀ kà, èyí tẹ́ ẹ fi jọ ṣeré, tẹ́ ẹ fi jọ tàkúrọ̀sọ, ló kà. Bẹ́ ẹ bá ń kọ gbogbo ìpè, níbo ni wákàtí yẹn á ti wá?

Ẹ má jẹ́ kó bà yín lẹ́rù o. Wákàtí méjì lọ́sẹ̀ á di 100 kí ọdún tó yí po. Ohun tí mò ń sọ fún ẹni jẹ́jẹ́ ni pé kó má fi ìkórajọ ńlá wá ọ̀rẹ́, kó mú ẹnì kan, kó mú ọjọ́ kan tí kì í yẹ̀, kí wọ́n sì ní ohun tí wọ́n jọ ń ṣe. Kí wọ́n jọ máa rìn nírọ̀lẹ́, kí wọ́n jọ máa kọ́ èdè, kí wọ́n jọ máa ránṣọ, kí kálukú tilẹ̀ gbé ìwé tirẹ̀ dání nínú yàrá kan náà. Bí ọwọ́ bá ń ṣe nǹkan, ìdákẹ́jẹ́ kì í tini lójú, ọ̀rọ̀ á sì wá fúnra rẹ̀. Ọjọ́ tó ti wà nílẹ̀ ò tún gba àròyé pé "ìgbà wo la máa ríra." Ìdajì àárẹ̀ wa wà nínú àròyé yẹn.

Ẹ tún bi ara yín bóyá àárẹ̀ ni àbí ẹ̀rù. Ẹni tí ó ń rẹ̀ máa ń gbádùn ara rẹ̀ kó tó rẹ̀ ẹ́, bó bá sì ti sinmi, ó parí. Ẹni tí ẹ̀rù ń bà, àyà rẹ̀ á ti máa já kó tó jáde nílé. Yóò máa ro ohun tí wọ́n á sọ nípa rẹ̀, bó bá sì délé, yóò tún gbogbo ọ̀rọ̀ tó sọ yẹ̀ wò lórí ibùsùn. Àjọ Ìlera Àgbáyé ka irú ẹ̀rù yẹn, bó bá le tó ń dí ìgbé ayé èèyàn lọ́wọ́, mọ́ àìsàn tó ní ìtọ́jú. Ìsinmi ò ní wò ó sàn, sísá fún èèyàn ló ń mú un le sí i. Ẹ lọ rí dókítà tàbí onímọ̀ nípa ìlera ọpọlọ. Bákan náà, bó bá jẹ́ pé ẹ wà nínú ilé nìkan, tí gbogbo ohun tẹ́ ẹ fẹ́ràn ò sì dùn mọ́ yín mọ́ fún ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀, ẹ má pe ìyẹn ní ìwà jẹ́jẹ́.

Nọ́ọ̀sì Alẹ́

Ẹ ṣé, ìyá wa. Mo fara mọ́ ọn, pàápàá ti ẹ̀rù yẹn. Nǹkan kan péré ni mo fẹ́ fi kún un. Àwọn kan á ka ọ̀rọ̀ yín, wọ́n á ní ó dáa, kí ẹni jẹ́jẹ́ kàn máa ṣe bí ẹni tó fẹ́ràn èrò, yóò mọ́ ọn lára. Rowan Jacques-Hamilton, Jessie Sun àti Luke Smillie dán an wò ní Australia, wọ́n sì gbé e jáde ní 2019. Wọ́n ní kí àwọn èèyàn máa ṣe bẹ́ẹ̀ fún odindi ọ̀sẹ̀ kan. Lápapọ̀, inú àwọn èèyàn dùn sí i. Ṣùgbọ́n bí ẹnì kan bá ṣe jẹ́ ẹni jẹ́jẹ́ tó ni èrè rẹ̀ ń dín kù. Ó ń rẹ àwọn tó jẹ́ jẹ́jẹ́ jù, ó sì ń ṣe wọ́n bíi pé kì í ṣe àwọn ló ń hùwà. Ẹ bá èèyàn lò, àmọ́ kó jẹ́ bẹ́ ẹ ṣe jẹ́.

Oníṣẹ́ Kọ̀ǹpútà

Kò tíì sẹ́ni tó mẹ́nu ba fóònù dáadáa, ibẹ̀ sì ni agbára ti ń jò jù. Ẹ pa ìró gbogbo ẹgbẹ́ WhatsApp, àfi ti ilé. Ẹ yan àkókò méjì lójúmọ́ tẹ́ ẹ fẹ́ máa dáhùn, kẹ́ ẹ sì sọ fún àwọn èèyàn yín pé bó bá jẹ́ pàjáwìrì, kí wọ́n pè. Láàárín oṣù kan, wọ́n á ti mọ̀ ọ́n, wọn ò sì ní máa bi yín pé ṣé ẹ ń bínú ni.

Ìpè fídíò tún lágbára tirẹ̀. Ní 2021, Jeremy Bailenson ní yunifásítì Stanford to ìdí mẹ́rin tó fi ń tánni lókun. Ojú àwọn èèyàn máa ń tóbi, ó máa ń sún mọ́ni jù, wọ́n sì ń wò wá láìdáwọ́ dúró. A ń wo ojú ara wa ní gbogbo ìgbà. A ò lè rìn káàkiri. Orí wa sì ń ṣiṣẹ́ lémọ́lémọ́ láti fi ara hàn pé a ń gbọ́, àti láti mọ ohun tí ojú àwọn yòókù ń sọ. Ẹ pa àwòrán ara yín rẹ́ lójú ara yín, ẹ dín fèrèsé náà kù, bó bá sì ṣeé ṣe, ẹ sọ ọ́ di ìpè ohùn lásán, kẹ́ ẹ máa rìn bẹ́ ẹ ṣe ń sọ̀rọ̀.

Olùbéèrè

Ẹ ṣé o, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ gbogbo yín. Ìyá Ìbejì, mo bi ara mi bẹ́ ẹ ṣe wí. Àárẹ̀ ni, kì í ṣe ẹ̀rù. Mo ti mú ẹnì kan, a sì ti mú ọjọ́ Mọ́ńdè.

Ó ku ohun méjì. Níbi iṣẹ́, ọ̀gá mi fẹ́ ká máa sọ èrò wa lójú ẹsẹ̀ nípàdé, èrò tèmi ò sì kì í dé àfi bí mo bá ti délé. Ìkejì, ọkọ mi fẹ́ràn èrò gan-an. Bó bá ti ibi iṣẹ́ dé, ọ̀rọ̀ ló ń wá, ìdákẹ́jẹ́ lèmi ń wá.

Ẹ̀gbọ́n Akọ̀wé

Ti ọ̀gá rọrùn jù bẹ́ ẹ ṣe rò ó lọ, torí ìmọ̀ gbè yín. Láti 1987 ni Michael Diehl àti Wolfgang Stroebe ti fi hàn pé àwùjọ tó bá ń dá àbá pa pọ̀ lójúkojú kì í mú àbá wá tó iye èèyàn kan náà tó bá jókòó lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Bí ẹnì kan bá ń sọ̀rọ̀, àwọn yòókù ní láti dúró, èrò wọn á sì ti bọ́ sọnù kó tó kàn wọ́n. Ẹ lọ bá ọ̀gá yín ní ìdákọ́ńkọ́, ẹ ní: "Ọ̀gá, ẹ jẹ́ ká máa kọ èrò wa sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú márùn-ún kí ẹnikẹ́ni tó sọ̀rọ̀." Ẹ má sọ ọ́ bí ẹ̀bẹ̀ fún ara yín, ẹ sọ ọ́ bí ohun tí yóò mú kí iṣẹ́ dára sí i, torí bẹ́ẹ̀ náà ló rí.

Ẹ tún máa béèrè kókó ìpàdé lọ́jọ́ tó ṣáájú rẹ̀. Kẹ́ ẹ sì sọ̀rọ̀ kan láàárín ìṣẹ́jú mẹ́wàá àkọ́kọ́, bó tiẹ̀ jẹ́ ìbéèrè kékeré. Bí ìpàdé bá ṣe ń pẹ́ sí i ni ẹnu á ṣe máa wúwo sí i.

Bàbá Ọmọ Mẹ́ta

Àbúrò mi, ti ọkọ ni kí n dáhùn, torí èmi ni ẹni jẹ́jẹ́ nílé tèmi, ìyàwó mi ni ẹni èrò.

Ohun tó ń ba ilé jẹ́ ni ìdákẹ́jẹ́ tí ẹnì kejì ní láti túmọ̀ fúnra rẹ̀. Ẹ sọ ọ́ síta nígbà tí ara yín méjèèjì balẹ̀, ẹ má dúró dìgbà tí ó bá ti rẹ̀ yín. Lọ́dọ̀ wa, bí mo bá dé, mo máa ń kí gbogbo ilé dáadáa, màá wò wọ́n lójú, màá wá sọ pé, "Mo fẹ́ ìdajì wákàtí." Wọ́n mọ̀ pé màá jáde wá, torí mi ò kì í yẹ àdéhùn náà. Mo sì máa ń jáde wá tòun ti ọ̀rọ̀ lẹ́nu, mi ò kì í kàn jókòó sójú kan. Ìdajì wákàtí yẹn ló jẹ́ kí ìyàwó mi ní mi fún gbogbo ìyókù alẹ́.

Ti ìjáde ńkọ́? Kò pọn dandan kẹ́ ẹ jọ lọ síbi gbogbo. Ẹ jọ jókòó níbẹ̀rẹ̀ oṣù, kí ọkọ yín tọ́ka sí èyí tó ṣe pàtàkì sí i jù, kẹ́ ẹ lọ síbẹ̀ tọkàntọkàn, láìfajúro. Àwọn yòókù, kí ó máa dá lọ, kí inú yín sì dùn sí i pé ó lọ. Bó bá padà dé, ẹ bi í léèrè bó ṣe rí, kẹ́ ẹ sì gbọ́ ọ dópin. Ìtàn yẹn ni òun náà ń retí láti òwúrọ̀.

Olùbéèrè

Ẹ̀gbọ́n, ẹ ṣeun gan-an. Ìdajì wákàtí yẹn, alẹ́ òní la máa sọ̀rọ̀ rẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n béèrè ẹyọ kan sí i: báwo lẹ ṣe ń parí ọ̀rọ̀ pẹ̀lú ẹni tí kì í dákẹ́?

Ayàwòrán

Kò dá mi lójú pé kì í fẹ́ dákẹ́ o. Olùwádìí Adam Mastroianni àtàwọn tí wọ́n jọ ṣiṣẹ́ rí i ní 2021 pé ìjíròrò kì í fẹ́rẹ̀ẹ́ parí lásìkò tí ẹni méjèèjì fẹ́ kó parí. Olúkúlùkù ń fi ohun tó fẹ́ pa mọ́ fún ẹnì kejì nítorí ọ̀wọ̀. Ó lè jẹ́ pé òun náà ń wá bí yóò ṣe lọ.

Ẹ jẹ́ kó parí gbólóhùn kan, kẹ́ ẹ dárúkọ ohun kan tó sọ tẹ́ ẹ gbádùn, kẹ́ ẹ wá ní: "Inú mi dùn pé a ríra. Mo fẹ́ máa lọ báyìí, màá pè yín lọ́jọ́ Àìkú." Kẹ́ ẹ dìde bẹ́ ẹ ṣe ń sọ ọ́, torí ẹni tó ní òun ń lọ tó ṣì jókòó, ọ̀rọ̀ míì ti bẹ̀rẹ̀ lórí rẹ̀. Bó bá jẹ́ ilé yín ló wà, ìgbà tó bá ń sọ pé òun ń bọ̀ ni kẹ́ ẹ ti sọ ọ́: "Ẹ máa bọ̀, mo wà nílé títí di aago mẹ́fà."